Èyí Tó Ń Fà, Èyí Tí Kì Í Fà

Oṣù kejì ni, ní Kuroishi. Òjò dì sórí òrùlé,
ó dì sórí igi ápù tí a ò tíì rẹ́ ẹ̀ka wọn,
èmi náà jáde lọ ra ohun tí n ó fi di orúnkún.

Ọ̀tún ni. Kì í ṣe ìgbà tí mo bá fò ló ń dùn mí,
ìgbà tí mo bá balẹ̀ ni.
Àtẹ̀gùn ilé mi mọ̀:
bí mo bá ń gòkè, mo lè máa kọrin,
bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ mi a di ògiri mú.

Ọmọ Kasai tó ń ta oògùn kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ.
Ó tẹ́ téèpù sórí káńtà bí ẹni ń pín káàdì.
"Màmá, funfun yìí kì í fà.
Ẹ fi ti egungun róbótó iwájú orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ibẹ̀ náà ni yóò wà.
Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀,
àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bó bá ń lọ, á mú awọ yín dání.
Búlúù ń fà bíi rọ́bà, ó ń bá ẹsẹ̀ rìn.
Ẹ lè fi wẹ̀, ẹ lè fi sùn, ó di ọjọ́ kẹta."
Ó dákẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ mi.
"Kò sí èyí tó ń woni sàn o.
Ṣe ni wọ́n ń rán orúnkún létí."

Rán orúnkún létí!
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi gun àkàbà ápù.
Èmi ni mo máa ń gbàgbé. Orúnkún kì í gbàgbé.

Eikichi ọkọ mi ní irú méjì nínú àpò aṣọ oko rẹ̀.
Bí òjò dídì bá ya ẹ̀ka, okùn líle ni,
á dì í mọ́ igi bí ẹlẹ́wọ̀n: "Má mira."
Bó bá lọ́ ẹ̀ka tuntun sára igi àgbà,
ọ̀rá tó ń fà ló ń lò,
ó ní ohun tó bá ń dàgbà, a kì í dì í pa.
Ọdún kẹfà rèé tó ti lọ. Kò sọ fún mi
èwo ni orúnkún ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta:
ẹ̀ka tó ya ni, àbí èyí tó ṣì ń hù?

Mo ra méjèèjì. Owó ẹja ọ̀sẹ̀ náà bá a lọ.

Ní Sátidé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé tó ń rùn fún kẹrosíìnì,
àwa ìyá ọlọ́mọ Kuroishi kojú tí Hirosaki.
Funfun ni mo dì. Mo dúró gbọn-in bí òpó iná.
Bọ́ọ̀lù já lulẹ̀ níwájú mi, mo ń wò ó,
ó tún já.
Fumiyo fà mí lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó já funfun kúrò — yéè! —
ó na búlúù, ó ní,
"Ká ẹsẹ̀ díẹ̀. Má mí."
Kí ni mímí ní í ṣe níbẹ̀? Mi ò mí.

Mo padà wọlé. Mo fò. Mo balẹ̀.
Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó dùn mí bí àlejò
tó kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Wọ́n ṣáà nà wá. Mókànlélógún sí méjìdínlógún.

Lọ́jọ́ kẹta mo ṣí i nínú omi gbígbóná,
díẹ̀díẹ̀, irun kan lẹ́yìn òmíràn.
Ojú ibi tó wà rí fàìn-fàìn lára mi,
ó jọ àpá tó wà lára igi kẹrin lẹ́bàá kànga,
èyí tí Eikichi lọ́ lọ́dún tí a bí àbíkẹ́yìn.

Funfun tó ṣẹ́kù, mi ò sọ ọ́ nù.
Òjò tún dì mọ́jú, ẹ̀ka kan ya lẹ́yìn ilé.
Mo rọra kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ni mo fi síwájú,
mo dì í.